Ẹni Tó Yè Ni Wọ́n Ń Yà

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kì í bẹ̀rù àjò. Láyé àwọn bàbá bàbá wa ni wọ́n ti ń lọ sí Òkè Ọya, wọ́n ń tajà, wọ́n ń kọ́lé, wọ́n sì ń bí àwọn ọmọ tí Haúsá yọ̀ lẹ́nu wọn ju Yorùbá lọ. Nítorí náà, nígbà tí mo di ẹrù mi tí mo ní Àbújá ni mò ń lọ, ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Wọ́n rò pé mò ń lọ wá jíjẹ mímu ni. Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n sì di gààrí fún mi.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìkíni kan ni mò ń sá fún. Mo bímọ, ọmọbìnrin, ó sì kú lọ́jọ́ tí mo bí i. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára mi lọ́jọ́ náà bíi pé wọn kò ní í rí i dá dúró mọ́, àwọn dókítà sì yọ ilé ọmọ mi kí n má baà kú. Nígbà tí mo délé, tọmọdé tàgbà ń wọlé wá kí mi, ohun kan náà ni gbogbo wọn sì ń wí: “Omi ló dànù, agbè ò fọ́.” Ìkíni rere ni. Bí a ṣe ń kí ẹni tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ nìyẹn, kó lè mọ̀ pé òmíràn ń bọ̀. Ṣùgbọ́n agbè tèmi fọ́. Èmi mọ̀, ìyá mi mọ̀, ọkọ mi náà mọ̀. Mo kàn ń sọ pé “Àmín, ẹ ṣé o.” Ọkọ mi kò lé mi o, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Àwọn ará ilé rẹ̀ kàn bá a wá ẹlòmíràn ni, èmi náà sì bá tèmi lọ.

Àbújá yà mí lẹ́nu. Ọ̀nà ibẹ̀ fẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ sọdá yóò kọ́kọ́ gbàdúrà. Ọyẹ́ ibẹ̀ la ètè mi bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Mo gba yàrá kan ní Karmo, ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo jáde, mo rí bàbá àgbà kan lẹ́nu ọ̀nà, mo sì kúnlẹ̀ kí i bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Bàbá náà fò sẹ́yìn.

“Kai! Madam, you fall?”

Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí mi kí n dì í mú kí n dìde. Mo dì í mú, mo dìde, mo gbọn eruku nù, mo sì ní “Sànnu, Baba.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tẹ orúnkún mi díẹ̀ péré, kí n má baà kó ìpayà bá àgbàlagbà.

Onílé mi jẹ́ ará Ìgbómìnà, Yorùbá pọ́ńbélé. Ṣùgbọ́n Àbújá ló bí àwọn ọmọ rẹ̀ sí. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, wọ́n gbọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, Òyìnbó ni wọ́n sì fi ń dá mi lóhùn. Mo máa ń wò wọ́n pé àwọn wọ̀nyí ń gbọ́ ilé ṣùgbọ́n wọn kò lè sọ ọ́. Èmi rèé tí mò ń sọ ọ́, n kò sì lè gbé ibẹ̀. Wọ́n ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Bí ilé bá wá rẹ èèyàn ju oko lọ ńkọ́? N kò rí ẹni bi léèrè ní Karmo, mo sì máa ń tan rédíò kí yàrá lè ní ohùn méjì.

Iṣẹ́ ló yọ mí. Bàbá mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn, pátákó onígbàjámọ̀ àti ti aránṣọ ni wọ́n ń kùn nígbà ayé wọn, èmi ni mo sì máa ń bá wọn po ọ̀dà. Ní Dei-Dei, níbi tí àwọn tírélà ti ń já páànù àti símẹ́ǹtì, mo rí ọkùnrin ará Ìlọrin kan tó ń ya ẹyẹ sára ọkọ̀ akẹ́rù. Ọ̀gá Múfú lorúkọ rẹ̀. Mo sọ fún un pé mo mọ iṣẹ́ náà. Ó wo sòkòtò mi, ó wo ọwọ́ mi, ó na búrọ́ọ̀ṣì sí mi.

“Ya kìnnìún.”

Mo ya kìnnìún. Ó lọ sápá ọ̀tún, ó lọ sápá òsì, ó wò ó.

“Yauwa,” ó wí. “Lọ́la ni kó o bẹ̀rẹ̀. Má jẹ́ kí oòrùn gòkè kó o tó dé.”

Kì í ṣe gbogbo awakọ̀ ló fẹ́ mi. Ọ̀kan ní òun ò ní jẹ́ kí obìnrin gun orí ọkọ̀ òun, pé kò dáa fún ọjà. Ọ̀gá Múfú kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Kò burú, gbé ọkọ̀ ẹ máa lọ,” ó wí. “Ìwọ náà, ta ló gbé ẹ sínú fóṣù mẹ́sàn-án? Awakọ̀ ni?” Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbé àkàbà fún mi fúnra rẹ̀.

Òmíràn wo kìnnìún tí mo yà sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó ní, “Madam, this your lion don put tìróò!” Lóòótọ́ ni. Mo ti fi dúdú yí ojú ẹranko náà po, n kò sì mọ ìgbà tí mo ṣe é. Mo ní kí n pa á rẹ́. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, pé ó jọ ìyá òun nígbà tí inú bá ń bí i. Kò pẹ́ tí àwọn awakọ̀ fi ń wá láti ọ̀nà Keffi tí wọ́n ń béèrè obìnrin tó ń ya kìnnìún onítìróò. Inú mi dùn débi pé mo ra fùrá, mo sì mu ún lókè àkàbà, kí gbogbo Dei-Dei lè rí mi.

Màámi a máa pè mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọn a béèrè bóyá mo jẹun, bóyá mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bóyá Haúsá kò tíì gba Yorùbá lẹ́nu mi. Wọn a sọ ẹni tó bímọ, ẹni tó kọ́lé, ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ iṣu oníṣu. Ọ̀rọ̀ kan péré ni a kì í sọ. A ń yí i po bí ìgbà tí èèyàn ń gbálẹ̀ yí ẹni tó sùn ká.

Ọjọ́ kan ni obìnrin kan yọ sí wa láàárín àwọn onípáànù, àwọn ọmọ ọjà ń pariwo “Baturiya!” tẹ̀lé e lẹ́yìn. Kò funfun tó bí òyìnbó tí mo mọ̀. Ó pọ́n, irun rẹ̀ dúdú, ó sì di í ní ìdì méjì bí ọmọ iléèwé bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewú ti wà níbẹ̀. Àjákù páànù pẹlẹbẹ ló ń wá. Ó rí kìnnìún mi lára ọkọ̀, ó sì pàtẹ́wọ́ bíi pé wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

“Ta ló ya èyí?”

“Èmi ni.”

Ó gbá mi mọ́ra tòun ti ọ̀dà tó wà lára mi. Rosa lorúkọ rẹ̀, ilẹ̀ Mẹ́síkò ló ti wá. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, òun sì ń kọ́ àwọn obìnrin ní àwòrán yíyà ní gbọ̀ngàn kan ní Wuse. Òyìnbó ẹnu rẹ̀ àti tèmi bára dọ́gba, méjèèjì ń tiro, ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́ra wa yé dáadáa. Ó ní kí n máa pe òun ní Rosa lásán. Mo ní irú ìyẹn kò sí nínú ẹ̀kọ́ ilé wa, ó jù mí lọ, Àǹtí Rosa ni yóò máa jẹ́. Ó ní kí n wá ní Sátidé.

Mo lọ. Háà, Sátidé yẹn! Ó kó àwọn àwòrán kéékèèké jáde, wọ́n ti yà wọ́n sára páànù tí kò fẹ̀ ju àwo oúnjẹ lọ. Ó ní nílùú àwọn, bí ẹnìkan bá yọ nínú ewu, yóò ya ewu náà bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an: ẹṣin tó ta á nípàá, ọkọ̀ tó dojú dé, ibùsùn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sí. Lókè níbẹ̀, nínú ìkùukùu, ni yóò ya ẹni mímọ́ tó ké pè. Nísàlẹ̀ ni yóò kọ ọ́ sí pé, èmi lágbájá, ará ìlú báyìí, ohun tó ṣe mí rèé, mo dúpẹ́. Wọn a gbé e lọ kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì kí gbogbo ayé lè kà á.

“Ẹ̀rí jíjẹ́ ni!” mo kígbe. “A máa ń jẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹnu nìkan la fi ń jẹ́ ẹ.”

Ó tún fi iṣẹ́ obìnrin kan hàn wá, ayàwòrán ìlú wọn tó ti kú tipẹ́. Ọkọ̀ ló fọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tó wà léwe, ó sì ń dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn tó ń fi dígí wo ara rẹ̀ tó ń ya ojú ara rẹ̀. Irun òkè ojú rẹ̀ méjèèjì pàdé, bẹ́ẹ̀ ló sì yà á. Irunmú fẹ́ẹ́rẹ́ wà lórí ètè rẹ̀ bíi ti ọkùnrin, kò fi í pamọ́. Aṣọ àwọn obìnrin ìbílẹ̀ ló ń wọ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ ti òyìnbó. Lẹ́yìn náà ni Àǹtí Rosa gbé ọ̀kan jáde. Obìnrin náà wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lórí aṣọ ibùsùn. Ó ya ẹ̀jẹ̀ náà. Ó ya ọmọ náà.

Mo dìde. Mo jókòó. Mo tún dìde.

“Ta ló gbà á láyè?” ni mo béèrè.

Àǹtí Rosa wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.”

“Ṣé kí wọ́n lè máa káàánú rẹ̀ ni?”

“Wo ojú ẹ̀ dáadáa. Ṣé ojú ẹni tó ń tọrọ àánú nìyẹn? Àti àwọn tó wà lórí páànù yìí, ẹni tó kú kọ́ ni wọ́n ń yà. Ẹni tó yè ni.”

Mo wọ ọkọ̀ padà sí Karmo, mo sì kọjá ibi tí mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé, obìnrin tó bá bímọ láyọ̀ yóò jó lọ síwájú pẹpẹ lọ dúpẹ́. Èmi ò jó lọ síbikíbi. Ó ṣe tán, kí ni mo gbé bọ̀? Kò sẹ́ni tó rántí, èmi náà kò rántí, pé ẹ̀jẹ̀ fẹ́ gbé mi lọ, kò sì rí mi gbé. Mo yè! Mo tilẹ̀ yè! Mò ń sọ ọ́ fún ara mi lójú ọ̀nà, ẹni tó ń ta súyà sì dá mi lóhùn pé, “Yes o, Madam!”

Báyìí ni mo bẹ̀rẹ̀ páànù tèmi. Ìpàtẹ àwòrán ń bọ̀ ní gbọ̀ngàn náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wa ni yóò sì gbé tirẹ̀ síta pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ìlú rẹ̀. Mo ya yàrá ilé ìwòsàn, mo ya dókítà, mo ya nọ́ọ̀sì tó ń sáré. Mo ya ara mi lórí ibùsùn, ojú mi là sílẹ̀ gbàǹgbà, mo sì fún un ní tìróò. Ti ìkùukùu ló dà mí láàmú díẹ̀, nítorí ọmọ Onítẹ̀bọmi ni mí, a kì í gbé ẹni mímọ́ kankan ka orí ìkùukùu. Mo fi oòrùn ńlá kan síbẹ̀. Àǹtí Rosa ní oòrùn náà ń gbọ́ àdúrà.

Òfin kan ṣoṣo ni Àǹtí Rosa kò gbà kí á rú: ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn, ibẹ̀ gan-an, kì í ṣe ibòmíràn. Èmi sì fẹ́ kí ọmọ mi wà nínú àwòrán náà. N kò fẹ́ yà á sọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ yà á síbi tó wà, n kò sì mọ ibẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ìyá kì í mọ sàárè ọmọ rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ní í gbé e lọ, wọn kì í sì í sọ fún un títí láé, kó má baà máa lọ jókòó síbẹ̀ kó máa sunkún, kó má baà fi ẹkún dí ọ̀nà mọ́ èyí tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n èwo ló ń bọ̀ fún èmi? Mo pe Màámi lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

“Màámi, níbo lẹ sin ọmọ mi sí?”

“Ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀?”

“Èmi ni, mà.”

“Ọmọ mi kì í béèrè irú ẹ̀. A kì í béèrè, a kì í dáhùn. Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Mo fẹ́ yà á ni, mà.”

“Yà á? Sára tírélà?”

“Rárá o. Sára páànù. Kí àwọn èèyàn lè wò ó.”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ohun tí a bò mọ́lẹ̀, kí gbogbo ayé wá máa wò ó? Àwọn ará ibẹ̀ yẹn ti yí ẹ lórí.” Wọ́n pa fóònù.

Ọ̀sẹ̀ náà, wọn kò pè. Èyí tó tẹ̀lé e, wọn kò pè. Bí mo bá pè, àbúrò mi ló ń gbé e, á ní wọ́n ti lọ sóko, Màámi tí kò ní oko. Ó dùn mí gan-an. Ọkọ lọ, ọmọ lọ, ilé lọ, ohùn Màámi nìkan ló kù tí mò ń pè ní ilé, mo sì fẹ́ fi àwòrán kan tà á. Mo sọ fún Ọ̀gá Múfú pé bóyá kí n mú páànù náà kúrò níbi ìpàtẹ.

“Ìyá ẹ ò ní gbọ́,” ó wí.

“Bí wọ́n bá gbọ́ ńkọ́?”

“Á jẹ́ pé wọ́n ti gbọ́ nìyẹn. Fọ búrọ́ọ̀ṣì yẹn, ó ń gbẹ.”

N kò mú un kúrò. Igun tí ọmọ mi yẹ kó wà, n kò kùn ún rárá, mo fi páànù sílẹ̀ níhòòhò, ó ń kọ mànà. Nísàlẹ̀, mo kọ orúkọ mi ní kíkún, mo wá kọ èyí tẹ̀lé e: “Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, akùnkọ̀ ní Dei-Dei. Mo bí ọmọbìnrin kan, ó lọ. Ẹ̀jẹ̀ fẹ́ gbé mi lọ, mo kọ̀. Agbè fọ́, èmi ò fọ́. Mo dúpẹ́.”

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, gbọ̀ngàn náà kún dẹ́nu. Ọ̀gá Múfú wọ jalàbíà funfun, ó dúró síwájú páànù mi bí ẹ̀ṣọ́, ó ń sọ fún ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè pé òun lọ̀gá mi. Ọmọbìnrin kan tó ṣì gbé káàdì ìdánimọ̀ báǹkì tó ti ń ṣiṣẹ́ kọ́rùn fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà, ó ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bi mí léèrè kí ni agbè. Mo ṣàlàyé fún un, mo sì sọ ìkíni náà fún un.

“Àǹtí, wọ́n sọ ọ́ fún mummy mi,” ó wí. “I was small. Mo gbọ́ ọ. I just no know wetin dem dey talk.” Ó di ọwọ́ mi mú ṣinṣin, ọ̀dà abẹ́ èékánná mi kò sì dí i lọ́wọ́. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ ìgbéyàwó mi lọ. Mo jó. Àǹtí Rosa náà jó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí orin. Àárín ijó ni mo rí ìyá àgbà kan, ọmọ ìlú wa tí mo mọ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́, tó gbé fóònù rẹ̀ sókè tó ń ya páànù mi ní fọ́tò. Mo mọ̀ pé kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò ti dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, orí àkàbà ni mo wà nígbà tí fóònù dún. Màámi ni. Wọn kò kí mi.

“Wọ́n fi hàn mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin ló rí i.”

“Ẹ má bínú, mà.”

“Ta ló sọ fún ẹ pé mò ń bínú? Mo ní kí wọ́n bá mi fẹ̀ ẹ́. Ibì kan ń dán nínú ẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣé ọ̀dà tán lọ́wọ́ ẹ ni?”

“Ọ̀dà ò tán, mà. Ibi tí ẹ ò sọ fún mi ni.”

Nísàlẹ̀, Ọ̀gá Múfú ti dá iṣẹ́ dúró, ó ń wò mí.

“Igi ìyeyè ẹ̀yìn ilé bàbá ẹ,” wọ́n wí. “Apá ibi tí oòrùn ti ń yọ. Imú ẹ ni ọmọ náà gbé wá. Aṣọ tí mo ti rà sílẹ̀ fún ìsọmọlórúkọ ni mo fi wé e.”

“Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé e lọ?”

“Ta ni kí n gbé e fún?”

Mo jókòó sórí àkàbà, mò ń sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Igi ìyeyè! Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti jẹun lọ́jọ́ tí mo fi ìlú sílẹ̀.

“O ya dókítà,” Màámi ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ohùn wọn ti ń le. “O ya nọ́ọ̀sì tí kò mọ̀ ju ariwo lọ. Èmi tí mo gbé ọmọ lọ, èmi ńkọ́? Mi ò sí níbẹ̀.”

“Màá yà yín, mà. Lónìí yìí. Lábẹ́ igi náà.”

“Má yà mí kúkúrú o. Kó o sì má fi omijé sí mi lójú. A kì í sunkún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn á rí i.”

“Màámi, ṣé ẹ sunkún?”

Mo gbọ́ tí adìẹ ń ké lẹ́yìn wọn, tí ẹnìkan ń lé e.

“Ya omijé náà,” Màámi wí.